₦15,000 lórí àmì VLAN kan

₦15,000 ni mo san fún ẹni tó wá bá mi sọ ONT (àpótí tí okùn fáíbà wọ̀ nínú ilé) di bridge, kó kàn máa gbé dátà kọjá sí router mi. Ó gba owó, ó lọ, íntánẹ́ẹ̀tì sì kú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nọ́ńbà VLAN kan (àmì tí wọ́n ń lẹ mọ́ dátà láti ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ sí òmíràn) tó kọ síbi méjì ló fà á.

Huawei HG8145V5, ONT tí wọ́n gbé wá, ń ṣe NAT (kíkó gbogbo ẹ̀rọ ilé sábẹ́ IP kan), MikroTik hEX, router mi, náà ń ṣe é, IP gbangba (àdírẹ́sì tí wọ́n lè fi kàn mí láti ìta) tí mò ń sanwó fún wá di asán. Bí wọ́n ṣe ń ki okùn bọ ihò, ẹ mọ ìyẹn.

Lójú ewé WAN (ọ̀nà tó lọ síta) ti ONT, bàbá yẹn yan bridge, ó kọ VLAN 200 síbẹ̀. Ó tún dá VLAN 200 sílẹ̀ lórí ether1 (ihò àkọ́kọ́) nínú MikroTik, ó gbé PPPoE (ìwọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà) lé e. Bẹ́ẹ̀ rèé, ONT fúnra rẹ̀ ló ń lẹ àmì yẹn mọ́ ohun tó ń jáde, òun náà ló ń bọ́ ọ kúrò lára ohun tó ń wọlé. Bí MikroTik bá ti kọ́kọ́ lẹ tirẹ̀, yálà kí àmì di méjì tàbí kí ONT da ẹrù náà nù ni. Èsì ò ní padà wá láéláé. PPPoE á kàn máa kọ "connecting" lójú yín.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì. "Ìmọ́lẹ̀ fáíbà ń wọlé dáadáa." Ta ló bi wọ́n? -21 dBm (agbára ìmọ́lẹ̀ náà) ni mò ń rí, GPON, irú fáíbà tí wọ́n ń lò, sì ń gbọ́ra títí dé -27. Àṣẹ kan péré nínú MikroTik, tó ń wá ẹ̀rọ PPPoE wọn, ló yanjú rẹ̀:

/interface pppoe-client scan ether1

Orúkọ ẹ̀rọ wọn yọ lójú ẹsẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé orí ether1 lásán ni PPPoE gbọ́dọ̀ jókòó. Mo pa VLAN 200 ti MikroTik rẹ́, mo gbé PPPoE lé ether1, íntánẹ́ẹ̀tì sì dé. Bí tiyín ò bá fi nǹkan kan hàn, ẹ wò ó bóyá wọ́n mú LAN1 (ihò ONT tí okùn MikroTik wọ̀) nínú Binding Options lójú ewé WAN ti ONT. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá yẹn ṣe dáadáa nìyẹn.

VLAN inú ilé, èmi ni mo ṣe é, ó sì dùn ún wò: 10 fún wa, 20 fún àlejò, 30 fún kámẹ́rà, lórí bridge kan nínú MikroTik (ohun tó so àwọn ihò rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe bridge ti ONT). Ether2 ń gbé 10 àti 20 lọ sí access point (ẹ̀rọ Wi-Fi) pẹ̀lú àmì. Ether3 jẹ́ ti kámẹ́rà, pvid 30, ìyẹn VLAN tí ohun tó wọlé láìní àmì ń bọ́ sí. Bridge fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára tagged (àwọn tó ń gbé àmì) fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbàgbé, mo tan vlan-filtering (èyí tó ń mú òfin VLAN ṣiṣẹ́), ó tì mí síta, àfi reset. Ìparí pátápátá ni kí ẹ tan án, kí ẹ sì ti tẹ Ctrl+X kó tó di pé ẹ fọwọ́ kàn án, kí Safe Mode lè dá a padà. Ẹ fi ether5 sílẹ̀ níta bridge, kí ẹ lè rí ọ̀nà wọlé bó bá tì yín síta. VLAN nìkan kì í dá àlejò dúró o: bí firewall ò bá dí ọ̀nà láti 20 sí 10, router á bá wọn gbé e kọjá.

Kí ẹ tó pa WAN àtijọ́ inú ONT rẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ aṣínà PPPoE lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ìràwọ̀ ni ONT fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan WAN tó jẹ́ ti TR069, èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣàkóso ONT láti òkèèrè.