Yíyẹ ara ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa wò lórí fóònù
Bí ẹ bá pe ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, “Ara le” tó fi dáhùn kò tó, nítorí egbò ìdùbúlẹ̀ lè wà ní ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó dùn ún. Ẹ ní kí olùtọ́jú rẹ̀ fọwọ́ kan ìdí àti gìgísẹ̀ bóyá ibì kan gbóná tàbí le ju àyíká rẹ̀ lọ, torí pípọ́n kì í tètè hàn lára aláwọ̀ dúdú. Ẹ béèrè nípa ibà àti ìtọ̀ tó ń rùn. Bí ìpalára bá wà ní eegun T6 (eegun ẹ̀yìn kẹfà ní apá àyà) tàbí lókè rẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, tó sì ń làágùn lójú, ewu ńlá ni: kí wọ́n gbé e jókòó, kí wọ́n wò bóyá rọ́bà tó ń gbé ìtọ̀ jáde lára rẹ̀ dí, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.