Ta ni "bàbá mi"? Fún ẹni tó fẹ́ tọrọ ìsádi nílùú Ọba

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe ògbufọ̀ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó kó ẹrù mi padà sí Ọ̀ta-Ẹfun níbí ní Òṣogbo. Látìgbà náà, oṣù kan kì í lọ kí ìyá kan má wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé mi, kó na fóònù sí mi: "Mọ́mì, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, wọ́n ti pè é fún íntáfíù asylum." Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí, kí ẹnu mi lè sinmi.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ kàn, kọ́kọ́ mọ̀ pé àìríná-àìrílò kò sí nínú òfin yìí. Nǹkan márùn-ún ni Àdéhùn Àwọn Asásàálà ọdún 1951 kà: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, irú àwùjọ tí èèyàn jẹ́ ara rẹ̀, àti èrò nípa òṣèlú. Ọ̀kan nínú wọn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí tí wọ́n fi ń lépa ẹ̀mí rẹ. Ẹni tí wọ́n tàn lọ fi ṣẹrú ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kó sọ ọ́ fún lọ́yà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìtàn fún ọ. Àwọn kan ń ta á bí ẹni ń ta àkàrà, ìtàn kan náà fún ẹni mẹ́wàá. Mo ti jókòó nídìí íntáfíù rí tí ojú ń tì mí, nítorí èmi pàápàá ti mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ máa bi ọ́ léèrè. Ti àkọ́kọ́ kì í gùn: wọ́n á ya fọ́tò rẹ, wọ́n á gba àmì ìka rẹ, wọ́n á ní kí o sọ ohun tó lé ọ kúrò nílé ní ṣókí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ló gùn, oṣù púpọ̀ sì lè wà láàárín wọn. Wọ́n á wá gbé ìwé tí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ sí nígbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni èdè wa ti máa ń kó wa sí wàhálà.

Ọmọkùnrin kan (mi ò ní sọ ìlú rẹ̀) ti sọ nígbà àkọ́kọ́ pé "wọ́n pa bàbá mi." Nígbà kejì, èmi ni ògbufọ̀. Wọ́n bi í pé àwọn wo ló kù nílé. Ó ní, "Bàbá àti ìyá mi." Obìnrin tó ń bi í gbé báírò sílẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ ni wọ́n pa! Kò sẹ́ni tó máa bi í ní Òṣogbo pé bàbá wo. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kì í ṣe lọ́yà, mi ò láṣẹ láti fi ọ̀rọ̀ tèmi kún tirẹ̀. Mo dákẹ́, inú mi ń hó. Ẹ má bi mí bí ẹjọ́ náà ṣe parí; wọn kì í sọ fún wa.

Nítorí náà, sọ pé "àbúrò bàbá mi, ọmọ ìyá rẹ̀." Má sọ "ẹ̀gbọ́n mi" lásán, sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti ẹni tó bí i. "Wọ́n gbá mi létí": ṣé àgbàlagbà kan ni, àbí èèyàn púpọ̀? Ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Àwa a máa ka òní mọ́ ọn, àwọn kì í kà á. Ìjẹta wa, ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni lọ́dọ̀ wọn. Ijọ́ kẹjọ wa, ọjọ́ keje tiwọn ni. Sọ pé "Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e." Bí o kò bá rántí déètì, sọ pé o kò rántí, kí o wá fi nǹkan mìíràn dá a mọ̀: "ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀."

O lè ní obìnrin ni kó bi ọ́, kí ògbufọ̀ náà sì jẹ́ obìnrin. Bí o kò bá gbọ́ èdè ògbufọ̀, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Má kàn mi orí bí ẹni pé ó yé ọ. Ní kí wọ́n gba ohùn rẹ sílẹ̀. Bí o kò bá lówó, ìjọba lè san owó lọ́yà fún ọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò níwèé àṣẹ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí irú ẹjọ́ yìí ń rú òfin níbẹ̀, ì báà jẹ́ pásítọ̀ rẹ. Ẹni tí kò níbùgbé lè tọrọ ilé àti owó oúnjẹ, pọ́n-ùn 49.18 lọ́sẹ̀ ni lọ́dún 2024. Má ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Bí oṣù méjìlá bá kọjá láìgbọ́ èsì, o lè tọrọ àyè láti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wá lọ́yà rẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọjọ́ tí wọ́n ń fúnni láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í pọ̀.

Wọ́n á bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò sá lọ sí Ìbàdàn tàbí Àbújá, àti bóyá o lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ronú sí i kí o tó débẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má lọ bá àwọn tó ń ṣe ìwé ọlọ́pàá ayédèrú. Ìwé èké kan á ba mẹ́ta òótọ́ jẹ́. Káàdì ọsibítù tó ti gbó, tí epo ti kán sí, ẹ fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, kí ẹ tó fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ọmọ má sì ju àpò ìwé tí wọ́n fi gbé e dé nù, nítorí ọjọ́ àti ìlú tó ti wá wà lára rẹ̀.