Bí a ṣe ń yan sípánà tọ́ọ̀kì fún iṣẹ́ ọkọ̀ nílé

Bóòtù kékeré kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Bóòtù táápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ni, kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ. Ìwé ọkọ̀ ní kí n fi agbára 10 Nm dè é, kí n má kọjá ibẹ̀. Sípánà tọ́ọ̀kì ni sípánà tó ń jẹ́ ká mọ̀ tí agbára tí a fi de bóòtù bá ti tó iye tí a fẹ́; ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní nígbà náà ni èyí ńlá tí mo fi ń de nọ́ọ̀tì táyà. Mo yí i wálẹ̀ pátápátá, mo gbé e lé bóòtù, mo ń fà á, mo ń retí kí ó dún kọ́. Kò dún. Ṣe ni ọwọ́ mi ṣàdédé fúyẹ́: orí bóòtù ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdí rẹ̀ kù sínú ẹ́ńjìnnì. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi yọ ìyókù. Sípánà yẹn kò sì bàjẹ́ o. Èmi ni mo mú ohun tí kò yẹ iṣẹ́ wá síbi iṣẹ́.

Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé sípánà tọ́ọ̀kì wo ni kí òun rà, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: kí lẹ fẹ́ fi dè?

Ẹ kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀

Tọ́ọ̀kì ni bí agbára tí a fi ń yí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Nm, ìyẹn níútìnnì-mítà, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bóòtù tí a dè dáadáa máa ń nà díẹ̀, bíi rọ́bà tí a fà, nínà yẹn gan-an ló sì ń di nǹkan mú. Tí kò bá nà tó, ìrìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n títí yóò fi tú. Tó bá nà jù, kò ní lè padà sí bó ṣe wà. Ó lè já, tàbí kí ó jẹ eyín alumíníọ̀mù tó wọ̀ sí. Ọwọ́ lásán kì í mọ ìyàtọ̀, pàápàá ọwọ́ ẹni tó ti ń bá táyà jà láti àárọ̀.

Ẹ ṣí ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá, kí ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo ohun tí ẹ máa ń tú fúnra yín sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, nọ́ọ̀tì táyà máa ń wà láàárín 80 sí 120 Nm; ti jíìpù ńlá lè lé ní 130. Bóòtù abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì àlòkù ń gbà jáde sábà máa ń wà láàárín 25 sí 45, púlọ́ọ̀gì láàárín 15 sí 30. Àwọn bóòtù tíntìntín orí ẹ́ńjìnnì sábà máa ń jẹ́ 8 sí 12. Ẹ má fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣiṣẹ́ o. Kí ẹ lè mọ irú sípánà tí ẹ nílò ni mo ṣe kọ wọ́n. Èyí tí ẹ máa lò wà nínú ìwé ọkọ̀ tiyín.

Àwọn ìwé kan ń lo ft-lb, ìyẹn fúùtù-páùn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.356, yóò di Nm: 80 ft-lb jẹ́ nǹkan bí 108 Nm. Ẹ ṣọ́ra fún in-lb, ìyẹn íǹṣì-páùn, nítorí 12 rẹ̀ ló wà nínú ft-lb kan. Ẹni tó bá ka in-lb sí ft-lb máa fi ìlọ́po 12 agbára tó yẹ de bóòtù rẹ̀, bóòtù ọ̀hún kò sì ní dúró gbọ́ àlàyé.

Ẹ wo ibi tí nọ́ńbà yín bọ́ sí

Orí onígun mẹ́rin tí a ń ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ni wọ́n fi ń pe sípánà tọ́ọ̀kì. Orí 1/4 íǹṣì sábà máa ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 5 dé 25 Nm, 3/8 láti 20 dé 100, 1/2 láti 40 dé 200. Ti ilé iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí: sípánà tọ́ọ̀kì kò ṣeé gbára lé ní ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà tó ga jù lára rẹ̀, ẹ pín in sí márùn-ún. Ohunkóhun tó bá kéré sí ìdá kan, ẹ má gbà á gbọ́. Èyí tó dé 200 Nm, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 40. Tèmi dé 210, èmi sì ń fi í wá 10. Bí ẹni gbé òṣùwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì wá láti fi wọn wúrà ni.

Tí ẹ bá máa ra ẹyọ kan, ẹ ra 1/2, nítorí táyà ni gbogbo wa ń tú jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 3/8, fún bóòtù ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá dé 20. Ẹni tí kò ní í ṣí ẹ́ńjìnnì kò nílò 1/4.

Ẹ wo gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. Láti de nọ́ọ̀tì dé 120 Nm pẹ̀lú sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, ẹ máa fà á bí ẹni fẹ́ gbé ẹrù kílò 27. Tí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ 30, ó ti di kílò 41. Kí ẹ tó de nọ́ọ̀tì 20 tán, ẹ̀yìn yín á ti mọ ìyàtọ̀.

Irú wo ni kí ẹ mú?

Irú kan ní irin ìtọ́ka gbọọrọ kan tó dúró lórí ojú ìwọ̀n. Bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe ń tẹ̀, ìtọ́ka ń sọ iye. Kò sí sípíríìngì nínú rẹ̀ tó máa rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú yín gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀ gan-an, èyí tó ṣòro fún ẹni tó sùn sábẹ́ ọkọ̀.

Èyí tó ń dún ni mo fẹ́ràn fún ilé. Ẹ yí ìdí ọwọ́ rẹ̀ sí iye tí ẹ fẹ́, ẹ tì í pa. Tí agbára bá pé, ẹ máa gbọ́ kọ́, ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n lára, bí ìgbà tí orúnkún ṣàdédé yẹ̀ díẹ̀. Kíka ìlà rẹ̀ ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Ká ní ẹ fẹ́ 103 Nm. Lórí irú tèmi, ìlà ara ọ̀pá ń fò ní mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá: 84, 98, 112. Ẹ máa yí i títí etí ìdí rẹ̀ fi dé 98, tí òdo ara ìdí náà bọ́ sórí ìlà òòró àárín; ẹ wá yí i síwájú dé 5. 98 àti 5, ó di 103. Ẹ dán èyí wò kí ẹ tó sanwó. Ìlà tí ẹ ò bá lè kà nínú ìmọ́lẹ̀ ilé ìtajà, ẹ ò ní lè kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà nírọ̀lẹ́.

Oníbátìrì ń fi nọ́ńbà hàn, ó sì ń ké tí ẹ bá dé ibẹ̀. Àwọn kan lára wọn ń wọn igun pẹ̀lú, ìyẹn sì wúlò fún bóòtù tí ìwé ní kí ẹ dè dé iye kan, kí ẹ wá tún yí i ní dígírì 90, irú èyí tó wà lórí tọ́ọ̀pù sílíńdà ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Fún táyà àti púlọ́ọ̀gì, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa wá bátìrì kiri.

Irú yòówù kí ẹ mú, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ sípánà náà gan-an, tó sì dárúkọ ISO 6789, ìlànà àgbáyé fún sípánà tọ́ọ̀kì. Ìpéye ±4% dára fún iṣẹ́ ilé. Lórí 100 Nm, ìyẹn túmọ̀ sí láti 96 dé 104. Ẹ béèrè bóyá ó ń wọ̀n síhà méjèèjì, nítorí àwọn kan ń yí sí òsì láìwọ̀n nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ dán an wò nílé

Ẹ fi fáìsì, irin ìdìmú orí tábìlì iṣẹ́, di orí onígun mẹ́rin rẹ̀ mú, kí ọ̀pá rẹ̀ nà gbọọrọ bí ojú tábìlì, kí ìwúwo lè fà á síhà tí a fi ń de nọ́ọ̀tì. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 40 láti àárín orí rẹ̀ sí ibi ìdìmú, kí ẹ so ẹrù kílò 20 tí ẹ ti wọ̀n dáadáa síbẹ̀. 20 × 9.81 × 0.4 jẹ́ nǹkan bí 78 Nm.

Ẹ yí sípánà sí 70, ẹ rọra sọ ẹrù náà kalẹ̀: ó gbọ́dọ̀ dún. Ẹ gbé ẹrù sókè, ẹ yí i sí 90, ẹ tún sọ ọ́ kalẹ̀: kò gbọ́dọ̀ dún. Ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ láàárín méjèèjì títí ẹ fi rí ibi tó ti ń dákẹ́. Ìwúwo sípánà fúnra rẹ̀ ń fi Nm bíi méjì tàbí mẹ́ta kún un, nítorí náà tó bá dákẹ́ ní 81, ẹ má bá a jà. Tó bá jẹ́ 65 ló ti dákẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Nígbà tó bá ti di tiyín

Ẹ má fi tú nọ́ọ̀tì láé. Sípánà lásán wà fún ìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ nọ́ọ̀tì kí ó rìn wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹ sì máa fò láti ọ̀kan bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́. Tó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Kọ́, kọ́, kọ́ tí àwọn kan máa ń ṣe kí ọkàn wọn lè balẹ̀, agbára ni wọ́n ń fi kún un. Ẹ má fi ọ́ìlì pa eyín bóòtù àyàfi tí ìwé bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀: ọ́ìlì ń mú kí bóòtù nà ju bó ṣe yẹ lọ lórí nọ́ńbà kan náà. Ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà yẹ̀ wò lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ dá a padà sí nọ́ńbà tó kéré jù lára ìlà rẹ̀, ẹ má yí i kọjá ibẹ̀. Sípíríìngì tí a fi sílẹ̀ ní fífún mọ́ra fún oṣù mélòó kan máa ń rẹ̀. ISO 6789 ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìgbà 5,000 tàbí oṣù 12. Nílé, ẹ lè máa fi ẹrù kílò 20 yẹn dán an wò lọ́dọọdún. Tó bá já bọ́ sórí kankéré, ẹ dán an wò lọ́jọ́ náà, kí ó tó tún kan táyà.