Fúláàtì ńlá ní GRA Ìlọrin: bí mo ṣe rí ẹni rà á

Bẹ́ ẹ bá sọ fún ará Ìlọrin pé ẹ ní pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tẹ́ ẹ fẹ́ tà lọ́nà Gánmọ̀ tàbí Ẹyẹnkọrin, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, fóònù yín ti ń dún. Ṣùgbọ́n ẹ ní fúláàtì lẹ fẹ́ tà, nínú GRA, tó tóbi, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí: wọ́n á wá, wọ́n á yìn ín, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì lọ. Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà gbé iṣẹ́ àtita fúláàtì rẹ̀ lé lọ́wọ́. A ti tà á báyìí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ní irú ilé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ tí wọn ò mọ ohun tó ń lé oníbàárà sá.

Àjà àárín ni fúláàtì náà wà, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìdílé mẹ́fà ń gbé. Yàrá mẹ́ta ló ní, àmọ́ gbogbo rẹ̀ lé ní 200 mítà onígun mẹ́rin. Pálọ̀ nìkan sún mọ́ 60. Ẹ lè ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ níbẹ̀ láì yá kánọ́pì kankan.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Ìwé fúláàtì kò rí bíi ti ilé tó dá dúró: C of O (ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀) kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo ilẹ̀ náà, orúkọ ẹni tó kọ́ ilé ló sì wà lára rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni ìwé tí lọ́yà ṣe pé apá tirẹ̀ nínú ilé ti di tirẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì sọ pé kí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí yẹn kò tíì sí. Lọ́yà wa ní ká má jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ tú u síta, nítorí náà a ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá, a sì ń fi kún un pé àwa la máa sanwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì ló tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ṣoṣo la gbé e fún. Ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ fún ọ̀rẹ́, kálukú sì ń bu owó tirẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí fọ́tò pálọ̀ wa fi wà lórí Facebook àti sórí status WhatsApp káàkiri, tí iye owó tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì bára mu. Ẹni tó ń wá ilé tó bá rí èyí, jìbìtì ni yóò pè é, kò sì ṣẹ̀. Mo pe ejẹ́ǹtì wa, a kọ ọ́ sínú ìwé pé òun nìkan ló lè tà á, pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀, àti pé iye owó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìpolówó.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, tẹ́ ẹ bá kọ owó síbẹ̀, wọn ò ní pè o."

Mo ní kó kọ ọ́. Ẹni tí owó náà bá dẹ́rù bà lórí fóònù, kò sídìí tó fi yẹ kó wá gun àtẹ̀gùn wa.

Àwọn tó wá wò ó ló wá jẹ́ kí n rí ìdí ọ̀rọ̀. Bàbá kan wà, Àlàájì ni, oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù lápá Ọjà Ọba. Owó wà lọ́wọ́ wọn, kò sí àníàní. Wọ́n wọ pálọ̀, wọ́n dúró láàárín rẹ̀, wọ́n gbójú sókè.

"Ta ló wà lókè yìí?"

Mo ní ìdílé kan ni, sà.

"Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ìdílé míì ni.

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní gbogbo wọn ló jọ ni ín.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé yìí dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iléyá, níbo ni mo máa so àgbò mi mọ́? Tí ọlọ́jọ́ bá sì dé, èwo làwọn ọmọ mi máa nàka sí pé ilé bàbá àwọn nìyí?"

Mi ò ní èsì. Inú agboolé ni púpọ̀ nínú wa dàgbà sí ní Ìlọrin. Lójú wa, ilé ní ilẹ̀ lábẹ́, ó ní ojúde tá a lè tẹ́ ẹní sí nírọ̀lẹ́, ó sì ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ilé wó, ilẹ̀ ò wó. Tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún, pàápàá lọ́nà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà ń pín in, ilẹ̀ ṣeé gé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fúláàtì kò ṣeé gé.

Tọkọtaya kan tún wá, ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ìyàwó yẹn fẹ́ràn ilé náà dọ́kàn. Ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó wọnú sítọ̀, ó padà sí pálọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Àdúgbò wa wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn yẹ kó máa tó wákàtí ogún lójúmọ́, tí owó iná rẹ̀ fò láti nǹkan bíi ₦68 dé ₦225 lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tó wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Pálọ̀ tó tó 60 mítà, AC kan ò lè tù ú. Méjì ni yóò gbà. Tí méjèèjì bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún, ó máa jẹ bíi yúníìtì 12, ìyẹn sì lé ní ₦2,500 lálẹ́ kan ṣoṣo. Ó ní, "Àǹtí, yàrá mẹ́ta la nílò lóòótọ́. Àmọ́ owó tí pálọ̀ yìí ń gbà, ilẹ̀ ló máa rà fún wa."

Òótọ́ ló sọ. Owó tí a ń béèrè yẹn máa ra pulọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ìlú, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní 100, tó jẹ́ nǹkan bíi 464 mítà onígun mẹ́rin, á sì tún gbé bọ́ńgálò dé ibi tó jọjú. Ẹni tó lówó fúláàtì ńlá kò fẹ́ fúláàtì. Ẹni tó fẹ́ fúláàtì, owó rẹ̀ kò tó ńlá. Àwọn tó ń ra ilé kí wọ́n lè fi háyà náà ò rójú rẹ̀, nítorí iye yàrá ni ayálégbé ń kà níbí. Yàrá mẹ́ta ni yàrá mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ń fowó kún háyà nítorí pé kọ́rídọ̀ gùn.

Yíyáwó rà á ńkọ́? Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé ìdiwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ta ló fẹ́ lọ yáwó ilé ní báńkì? Òótọ́ ni pé owó ilé tìjọba wà, èyí tí wọ́n ń gé 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ fún, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 6. Àwọn báńkì tí kì í gba èlé náà wà, irú Jaiz tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012: wọ́n á ra nǹkan, wọ́n á tà á fún yín pẹ̀lú èrè tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Nílùú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá fún ribá, ìyẹn èlé, mo rò pé irú ètò yẹn ló yẹ kí àwọn tó ń kọ́ fúláàtì máa bá rìn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tó wá wo tiwa, kò sí ẹni tó dárúkọ ìkankan nínú wọn. Owó ọwọ́ ni kálukú ń bá bọ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ṣírò owó ilé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn, iye kan lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbàgbé mítà. Yàrá lará ibí ń rà." Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà, wọ́n sì ju owó náà sílẹ̀.

Èmi náà wá wá bí pálọ̀ yẹn ṣe máa wúlò. Ó ní fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí náà a lè gé yàrá kẹrin jáde nínú rẹ̀ kí ibì kankan má ṣókùnkùn. Mo mú ẹnjiníà wá. Ó kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri síbẹ̀, nítorí kò sí ọ̀pá kọnkéré lábẹ́ ibẹ̀ tó máa gbé ẹrù rẹ̀. Bọ́ọ̀dù fífúyẹ́ ni ká lò. A ò kọ́ ọ. A ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà, ẹnjiníà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábẹ́, ó sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Mo kó àwọn àga ràgàjì tó wà níbẹ̀ kúrò. Mo sì bẹ àwọn aládùúgbò pé ká kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń dá fún kànga ẹ̀rọ àti ọlọ́dẹ, ẹni tó ń sanwó bí òrùlé bá ń jò, bá a ṣe ń pín owó kíkó kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ìwé kékeré yẹn ló ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe.

Àlàájà kan láti Ọ̀ffà ló rà á. Abuja ni wọ́n ń gbé, ọmọ wọn méjì wà ní Yunifásítì Ìlọrin, ọdọọdún ni wọ́n ń san háyà fún wọn ní Tánkẹ́. Wọ́n ti gbìyànjú láti kọ́lé rí láti ọ̀nà jíjìn, owó sìmẹ́ńtì sì ń pòórá mọ́ fọ́rúmánì lọ́wọ́. Wọn ò bi mí léèrè ilẹ̀. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Tí mo bá ti ìlẹ̀kùn yìí lóṣù mẹ́ta, ta ló ń wò ó?" Mo fún wọn ní ìwé àwọn aládùúgbò. Wọ́n kà á tán lórí ìdúró, wọ́n ní kí n fi àwòrán yàrá kẹrin hàn wọ́n, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ọmọ á ti máa kàwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè iye tá a máa gbà gbẹ́yìn.

A dúnàádúrà, kò le. Ọ̀dọ̀ lọ́yà lowó gbà kọjá, a yọ owó ìfọwọ́sí gómìnà ti ẹ̀gbọ́n mi sọ́tọ̀ kí ìyókù tó lọ bá wọn, ejẹ́ǹtì gba tirẹ̀. Mo mú Àlàájà lọ kí àwọn tó wà lókè àti nísàlẹ̀, a yí orúkọ orí mítà iná padà, mo sì kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Ìwé tiwọn ti wà ní ọ́fíìsì ilẹ̀, lọ́yà wọn ló ń tẹ̀ lé e.