Ilé ni mo rà, mi ò ra ilẹ̀

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi n'Íbàdàn pé mo ti ń ra ilé ní Atlanta, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìwé ilẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ilẹ̀ ò sí nínú ohun tí mò ń rà. Wọ́n dákẹ́. Ẹni tí ọmọ onílẹ̀ ti gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n tún padà wá gbowó òrùlé, ó yẹ kó dákẹ́.

Community land trust ló tà á fún mi. Àjọ tí kì í jèrè ni: ilẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, ilé orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tà. Ìpínlẹ̀ Georgia yìí náà ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969, nígbà tí Charles Sherrod, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, àtàwọn èèyàn rẹ̀ dá New Communities sílẹ̀ ní Lee County fún àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Ìwé owó oṣù èmi àti ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ kó lọ, torí ẹni tówó rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọn ò ní tà fún un. A lọ kíláàsì àwọn tó ń ra ilé àkọ́kọ́. Kò le. Báǹkì ló le: méjì gbọ́ pé ilẹ̀ ò sí níbẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ. Ìkẹta gbà.

Ibi tí mo ti jókòó pẹ́ ni ọ́fíìsì lọ́yà. Ọdún 99 ni ìwé tí àjọ náà fi háyà ilẹ̀ abẹ́ ilé fún mi, ó ṣeé tún ṣe, ọmọ mi sì lè jogún ilé. Mi ò gbọdọ̀ fi ilé náà háyà. Tí mo bá fẹ́ tà, ìdá 25 nínú 100 èrè orí rẹ̀ ni tèmi. Lọ́yà fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé: bó bá fi 40,000 dọ́là gbówó lórí, 10,000 ni màá mú; 30,000 á dúró sára ilé, kí ẹni tó kàn lè rí i rà lówó pọ́ọ́kú.

Ìyàwó mi ní ìrẹ́jẹ ni. Èmi náà rò ó lóru méjì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ṣáájú fi sílẹ̀ ni àwa náà fẹ́ jẹ yìí. Bí kò bá sí i, agbára wa ò ká ilé kankan ládùúgbò yẹn. A fọwọ́ sí i.

Lóṣù tó kọjá bàbá mi pè. "Àwọn ọmọ onílẹ̀ yín ti wá?"

Mo ní 40 dọ́là owó ilẹ̀ ni mò ń san fún wọn lóṣù.

"Wọ́n fún ẹ ní rìsíìtì?"