Yíya fọ́tò àdìrẹ àti ẹni tó wọ̀ ọ́ l'Abẹ́òkúta: bí aró ò ṣe ní ṣá, tí ojú ò sì ní ṣókùnkùn

Ẹ gbé kámẹ́rà síwájú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ti mu aró dáadáa, kí aṣọ náà kún ojú fọ́tò, kí ẹ sì fi gbogbo ìpinnu sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Aró tó ṣá ni ẹ ó rí. Ẹ wá yí i sí ẹni tó wọ léèsì funfun: léèsì á rí bí eérú, ojú ẹni náà á sì ṣókùnkùn. Kámẹ́rà ò bàjẹ́. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ti gbà pé bí a bá da gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, kò ní dúdú jù, kò sì ní funfun jù. Bẹ́ẹ̀ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, àti níbi ìnáwó Ẹ̀gbá, dúdú gan-an àti funfun gan-an ló pọ̀ jù.

Bọ́tìnì tó ní àmì + àti − la fi ń tọ́ ọ sọ́nà: + ń fi kún ìmọ́lẹ̀ fọ́tò, − ń dín in kù. Àdìrẹ dúdú ń fẹ́ −0.7 sí −1. Aṣọ funfun ń fẹ́ +0.7 sí +1. Bó bá jẹ́ ojú ẹni tó dúdú dáadáa nìkan ló kún fọ́tò, ẹ fà á wálẹ̀ sí −0.3, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà á bá a bóra. (Àwọn fóònù tó ń dán ojú ènìyàn fúnra wọn náà ń ṣe irú rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa á, kí ẹ pa á.) Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi tì pa, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré náà sókè tàbí sísàlẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ wo histogram, àwòrán kékeré tó ń fi hàn bí dúdú (lósì) àti funfun (lọ́tùn-ún) ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò. Bí òkìtì rẹ̀ bá gba ògiri ọ̀tún, funfun ti jóná nìyẹn, kò sí àtúnṣe tó lè dá ọnà ara léèsì padà.

Abẹ́òkúta kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nǹkan bíi ìwọ̀n 7 ní àríwá, nítorí náà orí gan-an ni oòrùn ọ̀sán ń bọ́ sí. Gèlè á ṣíji bo ojú, kòtò ojú á di dúdú. Ẹ mú ẹni náà wọ etí ibòji, kó kọjú síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wòkè o: abẹ́ tapólì búlúù, búlúù ni ojú yóò jẹ́, abẹ́ agboòrùn ńlá aláwọ̀ ìyeyè, ẹni tára rẹ̀ dá á dà bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Fún àwọn tó ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ ni ìjà. Bí white balance, ètò tó ń tún àwọ̀ ṣe gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe rí, bá wà ní auto (kámẹ́rà ló ń yàn fúnra rẹ̀) tí búlúù sì kún fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ló jẹ́ búlúù, á da àwọ̀ ìyeyè sí i, oníbàárà á sì ní aṣọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ kọ́ ni òun rà. Ẹ fi sí Daylight nínú oòrùn, Shade nínú ibòji. Ẹ ta aṣọ sára ògiri, kí lẹ́ǹsì kọjú sí àárín rẹ̀ gbọọrọ, f/8 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), 1/125 (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀), kí ẹ má sì fi lẹ́ǹsì fífẹ̀, èyí tó ń kó ibi púpọ̀ mọ́ra, yà á nítòsí, torí ìlà ọnà rẹ̀ á tẹ̀.

Ìdí ìkòkò aró ni iṣẹ́ ti dùn jù. Ẹ kí wọn kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè: “Àrẹ̀dú o! Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè yà yín?” Aṣọ tí a rẹ sínú ẹlú kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé ló fi ń jáde, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Etí àti orí ìṣẹ́po á kọ́kọ́ ṣú, inú ìṣẹ́po á ṣì wà ní àwọ̀ ewé. Ohun tí ẹ wá yà nìyẹn, kò sì ní dúró dè yín. Auto á máa tún àwọ̀ ṣe láti fọ́tò kan sí èkejì títí ìyípadà náà á fi pòórá. Ẹ fi kámẹ́rà sí M, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan gbogbo rẹ̀, kí white balance dúró sójú kan. Lábẹ́ àtíbàbà tó mọ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní f/5.6, 1/250, ISO 400 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń fi kún agbára ìmọ́lẹ̀ tó gbà). Ẹ ya ẹyọ kan, ẹ fi ISO tún un ṣe, lẹ́yìn náà ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀kán omi dá dúró lófuurufú, ó di 1/1000, ISO á sì gùn dé 1600.

Aṣọ tútù máa ń dán, dídán náà sì ń bo aró mọ́lẹ̀. Ẹ yí ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dídán náà á fi kúrò lójú aṣọ. Polarizer, gíláàsì tí a ń fi síwájú lẹ́ǹsì láti pa dídán, náà ń ṣe é, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń jẹ tó ìlọ́po mẹ́ta. Kọ́sítíìkì sódà sábà máa ń wà nínú omi yẹn, ó ń jẹ awọ, ó sì lè ba ojú lẹ́ǹsì jẹ́. Ẹ fi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì lo lẹ́ǹsì 50mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti orí àpáta Olúmọ kò lọ títí. Ẹ gòkè láàárọ̀ lẹ́yìn òjò alẹ́, torí ooru tó ń gbéra lórí páànù lọ́sàn-án ń mú ọ̀nà jíjìn gbọ̀n, kò sì sí lẹ́ǹsì tó lè tún un ṣe. f/8, ISO 100, 1/200. Lẹ́ǹsì gígùn, 70mm lọ sókè, ló ń kó àwọn páànù tó ti dípata jọ dáadáa. Èyí tó fẹ̀ ń sọ wọ́n di wínníwínní.

Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta. Ẹ fẹ́ eruku kúrò kí ẹ tó nu lẹ́ǹsì, ẹ má sì fi etí bùbá nù ún: iyanrìn inú ọyẹ́ ni yóò ha á. Nígbà òjò, bí ẹ bá ti inú ọkọ̀ tó tutù jáde, ẹ fi kámẹ́rà sínú báàgì fún nǹkan bíi 30 ìṣẹ́jú, kí omi má baà bò ó. Lẹ́ǹsì náà a máa bu bí búrẹ́dì. Inú ike tó ní ìdérí tó le ni kó máa sùn, pẹ̀lú silica gel, hóró tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, kì í ṣe inú àpò aláwọ. Bí gel aláwọ̀ ọsàn bá ti di àwọ̀ ewé, ó ti mumi yó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.