Bí Ẹ Ṣe Lè Jí Ìjàpá Tó Ti Sùn Pẹ́

Bí ẹ bá ní Volkswagen ìjàpá ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ má tíì tà á fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù. Ti bàbá mi, ọdún 1966 ló rà á. Ọdún mẹ́fà ló fi dúró sílé wa ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́ níbí, tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀, kí n tó jí i fúnra mi.

Iwájú ni táǹkì epo wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì. Kò ní rédíétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń tù ú lára. Ọmọ kan tó ń bá wa fọ mọ́tò nígbà kan ṣí bónẹ́ẹ̀tì iwájú, ó rí ìdérí, ó ní omi rédíétọ̀ ti gbẹ, ló bá bu omi kún táǹkì epo. Bàbá mi ò tilẹ̀ bú u. Ó kàn wo mọ́tò, ó ní, "Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, wọ́n mà ti fún ọ lómi mu."

Nítorí náà, ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ẹ fa epo àtijọ́ dànù. Ẹ wá tẹ rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti ń sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí bí epo bá kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ni. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Ẹ fi rọ́bà bò ó, kí irin àga má baà kàn án nígbà tí ẹni tó sanra bá jókòó.

Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà méjì àtààbọ̀ lọ. Asẹ́ wáyà kékeré kan ló ní lábẹ́, nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló dè é, sípánà 10 ló ń tú u. Ohun tó jáde nínú tèmi ki bí ọ̀dà. Mo fi kẹrosíìnì fọ asẹ́ náà, mo dá a padà, mo wá bu ọ́ìlì tuntun sí i.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi ọ́ìlì ṣíbí kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sípánà 21 mú nọ́ọ̀tì orí púlè jẹnẹrétọ̀, ẹ yí i jẹ́jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè bá a yí. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì nìkan ló ń yọ̀, ẹ má fipá mú un. Ẹ tún bu ọ́ìlì sí i, ẹ padà wá lọ́la. Tèmi kọ́kọ́ takú, lẹ́yìn náà ló mí "fọ̀ọ̀", ló bá yí.

Bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí fáànù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀. Bó bá dẹ̀ jù, ẹ tú púlè, ẹ yọ wọ́ṣà kan láàárín rẹ̀, ẹ fi í sábẹ́ nọ́ọ̀tì lóde; ẹ má sọ ọ́ nù. Bí iná pupa jẹnẹrétọ̀ bá tàn níwájú dírẹ́bà lójú ọ̀nà òkè Ìdànrè, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì. Ẹ má ní ẹ fẹ́ débi tí ẹ ń lọ ná.

Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ò ní rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, torí ìjàpá tí wọ́n ṣe pọ̀ gan-an. Model T ti Ford, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, ló ti kọ́kọ́ pọ̀ jù láyé. Ní February 17, 1972, ìjàpá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 15,007,034 jáde, ó sì kọjá rẹ̀. Bíi ti inú àlọ́. Ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún kí ti ìkẹyìn tó jáde ní Mẹ́síkò ní 2003. Iléeṣẹ́ Volkswagen l'Ékòó náà bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975.

Ó kù díẹ̀. Ẹ bu epo tuntun sí táǹkì, ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì tó ń gbé iná lọ fún púlọ́ọ̀gì, ẹ fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì iwájú dírẹ́bà yóò fi kú. Ẹ dá wáyà padà, ẹ sítáàtì. Èéfín funfun yóò bo àdúgbò. Ọ́ìlì tí ẹ bù sí i ló ń jó, ẹ má pa á. Àwọn adìẹ wa fò lọ, ìyá mi sì pariwo láti ilé ìdáná: "Ta ló ń lọ iléèwé lọ́jọ́ Sátidé?"